Eku Ò Parọ́, Èmi Ni Mo Parọ́

Èmi ni mo ba iṣẹ́ ọ̀gá mi jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀, ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀, ẹ̀yin òǹkàwé ojú ìwé yìí ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó bú mi, ẹ ka lẹ́tà yìí dé òpin, nítorí ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Èébú tí mo ti bú ara mi tó... ó tó, ó tún ṣẹ́ kù.

Obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mí. Mo ka ìwé girama tán, mo sì fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò. Ará Ọ̀yọ́ ni wá ṣùgbọ́n Sábọ̀n Gàrí ní Sáríà ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti lọ́kọ. Ọkọ mi kú lọ́dún tí owó wa di náírà, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún mi, tí wọ́n gbọ́ Haúsá ju Yorùbá lọ. Lẹ́yìn ọdún kan ni mo rí iṣẹ́ ní ilé ìwádìí kan tí n kò ní dárúkọ, níbi tí wọ́n ti ń sin eku. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe eku ilé, kì í ṣe òkété. Eku funfun olójú pupa ni, ọkọ̀ òfurufú ló gbé ìyá-ńlá wọn wá láti ìlú òyìnbó, irú kan tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára wọn láti inú ìyá wọn. Kò sí ẹni tó fún wọn ní iyọ̀ jẹ, kò sí ẹni tó bà wọ́n nínú jẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tó oṣù méjì sí mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í ru bó ṣe ń ru lára èèyàn, títí yóò fi pa wọ́n. Ìdí tí wọ́n fi ń sìn wọ́n nìyẹn. Ohun tí a kò lè kọ́kọ́ dán wò lára ọmọ èèyàn, lára wọn ni a ó ti dán an wò.

Dókítà ni gbogbo wa ń pe ọ̀gá mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, kò sì pè mí lórúkọ rí. Màmá Eku ló ń pè mí. Láràárọ̀ yóò yọjú sí ilé eku, á ní, “Màmá Eku, ṣé àwọn ọmọ yín jí dáadáa?” Èmi náà á ní wọ́n jí, wọ́n ní kí n bá àwọn kí bàbá àwọn. A ó jọ rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ mi bá ń ṣàìsàn, òun ni yóò fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Èèyàn dáadáa ni. Ká ní èèyàn burúkú ni, n kò ní kọ lẹ́tà yìí.

Málàmù àgbà kan ló ń tọ́jú eku náà kí n tó dé. Oṣù mẹ́ta ló fi kọ́ mi níṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì: bí a ṣe ń pààrọ̀ èérún pákó tí wọ́n ń sùn lé, bí a ṣe ń gé etí wọn láti fi ṣàmì, bí a ṣe ń wọ̀n wọ́n, bí a ṣe ń kọ orúkọ bàbá àti ìyá sínú rẹ́jísítà. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n ṣe kíákíá, àfi ẹyọ kan. Bí a bá fẹ́ kí eku náà bímọ, ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú àbúrò ni a gbọ́dọ̀ kó sínú àgò kan náà. Ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Kí akọ gun àbúrò rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé n kò gbọ́ Haúsá náà dáadáa. Mo bi Málàmù pé ṣé kò sí akọ mìíràn ni? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. “Haba Mama! Dabba ce kawai.” Ẹranko lásán ni, ohun tó ń sọ nìyẹn. Ó ní ta ni yóò san owó orí ìyàwó fún eku? Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó lọ tán tó ku èmi nìkan, mo dijú, mo kó ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan pọ̀ bí ìwé ṣe wí. Abo náà lóyún, ó bí mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mẹ́rin péré ni mo bá, ìkarùn-ún sì wà lẹ́nu ìyá rẹ̀, ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Lónìí mo mọ̀ pé abo eku a máa jẹ ọmọ rẹ̀ bí ariwo bá pọ̀ tàbí bí a bá fọwọ́ kàn án jù. Lọ́jọ́ yẹn n kò mọ̀. Ohun tí mo fojú mi rí ni èèwọ̀ tó ń gbẹ̀san, mo sì rò pé ta ló ṣe é bí kò ṣe èmi tí mo fọwọ́ ara mi kó wọn pọ̀?

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti fẹ́ so akọ pọ̀ mọ́ abo, mo ń yọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò, mo ń mú akọ kan láti ara àwọn eku mìíràn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́, eku lásán tí kò ní àrùn kankan. Àwọn náà funfun, ojú tiwọn náà pupa. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Mo ń gé etí akọ náà kí àmì rẹ̀ lè bá ti ẹ̀gbọ́n mu, mo sì ń kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà pé ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú àbúrò. Ẹ wò ó, bí mo bá délé, mo tún ń kọ òtítọ́ ibẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, àgò wo, akọ wo, ọjọ́ wo. Kí ni mo ń kọ ọ́ fún? N kò mọ̀. Bóyá mo kàn rò pé ó yẹ kó wà níbì kan. Mo rò pé n kò pa ẹnikẹ́ni lára. Àwọn eku tí Málàmù ti so pọ̀ kó tó lọ ṣì ń bímọ lórí pẹpẹ òkè, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n ní tòótọ́. Àwọn tèmi wà lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé irú méjì ló wà nínú ilé kan.

Ní ọdún kejì ni Dókítà mú ewé kan dé láti Bòmó, abúlé kan nítòsí wa. Àwọn àgbẹ̀ tó dàgbà níbẹ̀ a máa sè é mu, Dókítà sì ṣàkíyèsí pé àrùn rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń fà kò wọ́pọ̀ láàárín wọn. N kò ní dárúkọ ewé náà, bí ẹ bá ka lẹ́tà yìí síwájú ẹ ó mọ ìdí rẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ewé yìí lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró kó má ru rárá. Ó ní kí n ṣa ogójì ọmọ eku tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ru, kí ogún máa mu omi ewé, kí ogún máa mu omi lásán. Ó ṣàlàyé fún mi bí n ó ṣe pín wọn: kí n kọ nọ́ńbà wọn sí ara bébà pélébé-pélébé, kí n kó o sínú agolo, kí n gbọ̀n ọ́n, kí n máa yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ṣe é. Mo yọ mẹ́ta, mo rí i pé àwọn ọmọ ìyá kan náà ni mo ń tú ká, ọ̀kan lọ sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, nọ́ńbà wọn kò sì tò lẹ́sẹẹsẹ mọ́. Mo da bébà náà padà sínú agolo. Mo kó ọmọ ìyá pọ̀ mọ́ ọmọ ìyá. Pẹpẹ òkè, omi. Pẹpẹ ìsàlẹ̀, ewé. Ó mọ́ lójú, ó rọrùn láti kọ, n kò fi ṣe ibi kankan... Ẹ̀yin tó lóye nínú yín ti rí ohun tí mo ṣe. Èmi kò rí i.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Dókítà ń fi ìgbànú kékeré kan sí ìrù eku kọ̀ọ̀kan láti wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń mu omi ru bó ṣe máa ń ru. Ti àwọn tó ń mu ewé kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà. Dókítà kò gbà á gbọ́, ó ní ká tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. A tún un ṣe. Mo tún wọn pín bí mo ṣe pín tàkọ́kọ́. Ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí ọkùnrin náà lọ́jọ́ náà! Ó bọ́ kóòtù funfun rẹ̀, ó ń jù ú sókè bí ọmọdé, ó ní, “Màmá Eku, èèyàn lè parọ́, ìwé lè parọ́, eku kì í parọ́ o!” Èmi náà pàtẹ́wọ́ fún un.

Ohun tí n kò tíì sọ fún yín ni pé òun náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àrùn náà ló pa ìyá rẹ̀, obìnrin náà ṣubú nídìí ààrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí Dókítà wà ní ìlú òyìnbó, kò bá a mọ́. Ọdún mẹ́fà ni òun fúnra rẹ̀ ti ń lo oògùn oníhóró ilé ìwòsàn láràárọ̀. Lẹ́yìn tí a tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ó pa oògùn náà tì. Ó ń se ewé náà sínú fúláàsì, ó ń gbé e wá síbi iṣẹ́, ó ń mu ún níṣojú mi.

Bí mo ṣe mọ ohun tí mo ṣe rèé. Dókítà kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá wo eku lọ́jọ́ kan, èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú garawa oúnjẹ wọn. Ọmọbìnrin kan béèrè ìbéèrè tí mo ti béèrè lọ́wọ́ Málàmù, pé kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Dókítà dá a lóhùn pé nítorí kí ẹ̀jẹ̀ wọn lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni, kí ọmọ má yàtọ̀ sí ìyá, kó jẹ́ pé àrùn tó wà lára ọ̀kan ló wà lára gbogbo wọn. Ó ní bí akọ àjèjì kan bá wọ inú wọn péré, lára àwọn ọmọ rẹ̀ ni àrùn náà yóò ti máa fẹ́lẹ́ bí ẹ̀kọ tí a bu omi là, a kò sì ní mọ ohun tí à ń wọ̀n mọ́. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Garawa ń wúwo lọ́wọ́ mi, n kò lè sọ ọ́ kalẹ̀, n kò lè gbé e wọlé.

Mo délé, mo ṣí ìwé kékeré mi, mo fi í wé nọ́ńbà àwọn eku tó mu ewé, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan. Ọmọ akọ àjèjì ni gbogbo wọn. Nígbà àkọ́kọ́, gbogbo wọn. Nígbà kejì, gbogbo wọn. Kì í ṣe ewé ló dá ẹ̀jẹ̀ wọn dúró, àrùn náà ni kò tó lára wọn láti ilẹ̀. Bóyá ewé náà ń ṣiṣẹ́, bóyá kò ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó mọ̀. Nítorí èmi, kò sí ẹni tó mọ̀.

Ṣé n kò gbìyànjú láti sọ fún un ni? Mo lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Kí n tó lanu, ó ti na lẹ́tà kan sí mi, wọ́n pè é sí ìpàdé àwọn onímọ̀ ní òkè òkun kó wá sọ̀rọ̀ nípa ewé náà. Ó ní kí n jókòó, ó já búrẹ́dì sí méjì, ó fún mi ní ìdá kan, ó ní ká ní òun ti mọ èyí tẹ́lẹ̀, ìyá òun ìbá wà láyé. Mo jẹ búrẹ́dì náà. Mo dìde, mo padà sí ilé eku. Lọ́jọ́ mìíràn mo ní kó jọ̀ọ́, kó máa lo oògùn ilé ìwòsàn pọ̀ mọ́ ewé, pé méjì sàn ju ọ̀kan. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. “Háà, Màmá Eku, ẹ̀yin gan-an? Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé ọmọ yín kì í parọ́?” Kí ni ẹ̀yin ìbá wí?

Nígbà ọyẹ́ ló ṣubú. Ó ń fi ìgbànú sí ìrù eku kan lọ́wọ́, èmi ni mo di eku náà mú. Mo rí i tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tú sílẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Lẹ́yìn náà ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó wó lé mi láyà. Oṣù kan ló lò nílé ìwòsàn. Ó ti wà nílé báyìí, ní Dánmagájì, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ tó lè sọ kò ju mẹ́ta lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Ilé ìwòsàn fún wọn ní oògùn oníhóró tí yóò máa lò lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti mú un sún mọ́ ọn, á pa ẹnu dé, á nàka sí fúláàsì. Ó ń sunkún bí wọn kò bá fún un. Ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, “Màmá, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ bí ó ṣe ń sè é. Ẹ bá mi sè é fún un, kó má rò pé mo fẹ́ gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.” Ó kó oògùn ilé ìwòsàn lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n bá òun kó o dànù.

N kò dà á nù. Láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo ń lọ sí Dánmagájì, mo ń se ewé, mo ń fi ìdí ṣíbí lọ oògùn hóró méjì kúnná, mo ń rò ó pọ̀ mọ́ ewé náà. Ewé náà korò, kò mọ̀. Ó ń mu ún tán.

Mo rò pé mo ti ń tún nǹkan ṣe. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nọ́ọ̀sì wá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ti wálẹ̀. Ó tún wá, ó tún ti wálẹ̀ sí i. Nọ́ọ̀sì bi ìyàwó rẹ̀ pé ṣé ó ti ń gba oògùn ni, ìyàwó rẹ̀ ní hóró kan kò kàn án lẹ́nu, ewé nìkan ni. Dókítà gbọ́ ọ. Ó gbá orí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ọwọ́ òsì, omijé ń bọ́, ó ń wò mí, ó ní “Eku... eku...” Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ tó kù.

Láti ìgbà náà ni ìròyìn ti tàn. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́, ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé mọ́ṣáláṣí wa ní Sábọ̀n Gàrí. Àwọn èèyàn ń lọ já ewé náà ní Bòmó báyìí, ọmọ Haúsá, ọmọ Yorùbá. Bí wọ́n bá sì bi mí, torí wọ́n mọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ń sọ pé n kò mọ̀. Òtítọ́ sì ni, n kò mọ̀! Ṣùgbọ́n wọ́n rò pé mo ń fi í pa mọ́ ni.

Lánàá, obìnrin kan tí a jọ ń gbé àgbàlá, tó ń ta abọ́ onítánganran, wọlé tọ̀ mí wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a jà tipẹ́, ó ti dákú lẹ́ẹ̀mejì níṣojú mi. Ó gbé ọ̀rá kan lé mi lọ́wọ́, oògùn rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà nílé ìwòsàn ló wà níbẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ bá mi fún ẹni tó bá ń lò ó níbi iṣẹ́ yín. Èmi ti bọ́ o, ewé Dókítà yín ni mo bá lọ.” Ẹ̀yin èèyàn mi, ó yẹ kí n pariwo. Ó yẹ kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo wo oògùn náà, irú kan náà ni pẹ̀lú ti Dókítà, ti Dókítà sì ti tán lọ́wọ́ mi láti ìjẹta, oníkẹ́mísìtì ní òun kò ní í, n kò sì lè ní kí ìyàwó rẹ̀ lọ gba òmíràn... Mo gbà á. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ yìí mo lọ méjì nínú rẹ̀ fún Dókítà, ó mu ún, ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín sí mi. Bí mo sì ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, òórùn ewé tí obìnrin náà ń sè ń gba ojú fèrèsé wọlé bá mi.

Bí mo bá jẹ́wọ́, ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn kò ní nǹkan mìíràn láyé mọ́, ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún un ni n ó gbà. Bí n kò bá jẹ́wọ́, ta ni yóò ṣubú tẹ̀lé e? Bí mo bá dá oògùn obìnrin yìí padà, kí ni kí n fún Dókítà lọ́la? Ṣé ìyàwó rẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ bá ni? Ṣé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì? Ṣé wọn yóò gbà mí gbọ́, èmi tí mo fọwọ́ ara mi kọ rẹ́jísítà? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kó kọ̀wé. Hóró méjìdínlógún ló kù nínú ọ̀rá náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án nìyẹn. Ìwé ìròyìn yín sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dé Sáríà.